Omi Ọmú Ummusalamah

Nígbà tí Ummusalamah bí àkọ́bí rẹ̀ sílé ọkọ ní Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé gẹ̀gẹ̀ nínú ilé náà. Ọmọ dára lóòótọ́, ó sì jọ bàbá rẹ̀ dé ihò imú, ṣùgbọ́n omi ọmú ìyá rẹ̀ ni ìyá ọkọ ń ròyìn kiri àdúgbò. Bí Ìyá Lateefat, ìyá ọkọ náà, bá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń to ẹja yíyan sínú apẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá kọjá níwájú rẹ̀ kò ní lọ láìgbọ́ ọ.

"Ìyàwó Toheeb yìí," á ní, "ọmú rẹ̀ ń ṣàn bí ẹ̀rọ omi ayé àtijọ́. Ọmọ á mu, á yó, á sùn, aṣọ ìyá rẹ̀ á tún tutù rinrin."

Ummusalamah á wà nínú yàrá, á máa gbọ́, inú rẹ̀ á dùn díẹ̀, ojú á sì tì í díẹ̀. Ọdún kejì rẹ̀ rèé ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ Ìkòròdú ni. Itamaga ni ìyá rẹ̀ ti ń ta òkìrìkà. Títí di àkókò yẹn, ńṣe ló ń fẹ̀sọ̀ rìn nínú ilé ọkọ bí ẹni tó wọ mọ́sálásí bá àwọn tó ti ń kírun lọ́wọ́. Toheeb ọkọ rẹ̀ kì í sí nílé láàárín ọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò ló ń wà ní Èbúté Ìkòròdú, ó sì di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kó tó wálé. Nítorí náà, bí ẹnu ìyá ọkọ bá dùn sí i, ààbò ló jẹ́ fún un.

Bàbá Lateefat, bàbá ọkọ rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní tirẹ̀. Káfíńtà ọkọ̀ ojú omi ni, etí ọ̀sà ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú. Àwọn apẹja máa ń sọ pé ojú ọ̀tún rẹ̀ péye ju okùn ìwọ̀n lọ. Bó bá to pákó tán, á tẹ̀ ba síbi ìdí ọkọ̀, á di ojú òsì, á fi ọ̀tún wo gbogbo gígùn pákó náà títí dé imú ọkọ̀. Bí ibì kan bá wọ́, á nawọ́ sí i, á ní, "Ibẹ̀ yẹn." Wọ́n á fi okùn wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ náà ni yóò jẹ́. Ojú yẹn ló fi jẹun, òun náà ló fi kọ́lé tí gbogbo wọn ń gbé.

Ọmọ́táyọ̀, ọmọ tuntun, kò tíì pé ogójì ọjọ́ nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ wá tọrọ omi ọmú. Bí wọ́n ti ń ṣe é ládùúgbò náà nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Bí nǹkan bá kó séèyàn lójú, wọ́n á béèrè ilé tí ọmọ tuntun wà. Ìyá ọmọ á fún omi ọmú díẹ̀ sí i lójú, onítọ̀hún á pajú dé, wọ́n á ṣe àdúà, ó parí. Ẹni tó bá gba omi ọmú bẹ́ẹ̀ kì í sanwó. Ó lè mú ọsàn wá lọ́jọ́ kejì fún ìyá ọmọ, tàbí ọṣẹ.

Láwàl alọta ló kọ́kọ́ wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí ẹ̀rọ láti wò bóyá ata ti kúnná, ata sì fọ́n sí i lójú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọdékùnrin kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi rọ́bà ta lójú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá kan tí ẹta iná fò sí lójú níbi tó ti ń yan ẹja. Bùnmi tó ń ṣe irun lójú títì wá, ó ní gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ irun ìpéǹpéjú ló kán sí òun lójú. Obìnrin mìíràn fi eyín ya ọ̀rá omi ìfọṣọ, omi náà sì fọ́n gba ojú rẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan ń fi ẹ̀rọ gé koríko ilé ìwé, òkúta ta sí i. Ìyá Lateefat á mú wọn wọlé bí ẹni tó mú àlejò wá síbi ìkómọ, á ní, "Ìyàwó, gbé ọmọ sílẹ̀ ná."

Ọmọ pé oṣù mẹ́rin, Ummusalamah jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ronú kàn wọ́n. Ojú mọ́kàndínlógún. Ẹnu sì yà á. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò mọ̀ pé nǹkan tó ń fò kiri láti wá wọ ojú ọmọ aráyé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè wà ní Ẹ̀pẹ́ fún odidi oṣù kó má gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kán lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan rékọjá. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ibi ogun ló ti ṣẹlẹ̀. Ibi ìdáná ni, ẹnu iṣẹ́ ni, eré ọmọdé ni.

Fẹ̀hìntọlá ni ojú kẹtàlá nínú wọn.

Obìnrin yìí ń ṣe ẹja fún àwọn oníbàárà ní ọjà ẹja: á ha ìpẹ́ rẹ̀, á yọ ìfun rẹ̀, á gé e sí wẹ́wẹ́. Epìyà kan tí kò tíì kú tán ló jà mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ gún un lójú òsì. Ìyá Lateefat gan-an ló rí i lójú ọ̀nà tó ń fi ìborùn nu ojú, tó pè é wọlé. Ummusalamah fún omi ọmú sí i, ẹ̀kán mẹ́ta. Wọ́n ní kó padà wá nírọ̀lẹ́, ó padà wá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin kò wá mọ́, wọ́n sì rò pé ara rẹ̀ ti yá.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ummusalamah tó tún pàdé rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Fẹ̀hìntọlá gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá. Ojú òsì rẹ̀ ti funfun bí ẹyin tí a bó.

"Mi ò wá bá ẹ jà o, Ìyá Táyọ̀," ni Fẹ̀hìntọlá wí nígbà tó rí bí ojú rẹ̀ ti yí padà. "Jókòó."

Ummusalamah jókòó.

"Dókítà ní ẹ̀gún ẹja náà lu ojú ni. Ihò tín-ín-rín. Ó ní ká ní mo wá lọ́jọ́ náà, àwọn ì bá rí i dí. Ó bi mí pé kí ni mo fi sí i, mo ní omi ọmú. Ó mirí. Ó ní omi ọmú kò mọ́ tó ohun tó yẹ kó wọ inú ojú tó ti lu, pé kòkòrò àìfojúrí á rí ibẹ̀ jókòó sí. Mo ní ṣé omi ọmú ló fọ́ ọ? Ó ní òun ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà, ó lè jẹ́ láti ara ẹja. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi dúró tì í, ó ní ìyẹn ni òun mọ̀ dájú pé ó ba ojú náà jẹ́."

"Àǹtí Fẹ̀hìntọlá," ni Ummusalamah wí.

"Gbọ́. Nítorí àwọn tó ń bọ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Bó bá jẹ́ omi nǹkan ló fọ́n sí wọn lójú, omi tó mọ́ ni kí o máa dà sí i. Kì í ṣe omi ẹ̀kúnwọ́ kan o. Kí o máa dà á, kí o máa dà á, títí wọn á fi ní ó ti sú wọn. Kí wọ́n tó wá lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nǹkan ló gún ojú, tàbí tó ta sí i, má fọ̀ ọ́, má nù ún, má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ra á. Fi ife bò ó kí nǹkan má kàn án, kí wọ́n máa lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀." Ó gbé ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sí apá kejì. "Èmi náà ti ra awò ojú báyìí, èyí tó gbòòrò yẹn. Mo fi ń ṣe ẹja. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà, wọ́n ní mo ti di ajórin. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀kan péré ló kù mí kù."

Ummusalamah gbé ọ̀rọ̀ yìí délé, kò sì rí ibi tó máa sọ ọ́ sí. Báwo ló ṣe fẹ́ dúró níwájú ìyá ọkọ rẹ̀ kó ní ohun tí wọ́n ń fi òun yangàn ládùúgbò ló wà nídìí ojú ọmọ ọlọ́mọ tó fọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gbọ́n. Bí ẹnìkan bá wá, á ní ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu gbogbo rẹ̀ tán, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi omi ṣàn án ná. Á da omi títí tí gbogbo àyà onítọ̀hún á fi tutù. Ìyá Lateefat ń wò ó.

"Ọmú tó ń ṣàn bí ẹ̀rọ lánàá," ló wí lọ́jọ́ kan. "Ta ló wá ti ẹ̀rọ pa?"

Ummusalamah rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú kan. Bàbá Lateefat wọlé nígbà tí oòrùn kò tíì dé àárín ọ̀run, ohun tí kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tó ṣẹlẹ̀ rí. Ó gbé òòlù dání, bí ẹni tó gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ òun. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, ó di ojú òsì, ó wo òpó ilé. Ó la á, ó tún un dì.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn, Bàbá Lateefat?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Pákó ń parẹ́ mọ́ mi lójú."

Wọ́n ní kó sọ ọ́ dáadáa. Ọkọ̀ Tìrìmísíyù apẹja ló ń kàn lọ́wọ́. Ìṣó kan ti dípẹtà sínú pákó, ó sì gbé irin tó fi ń gé ìṣó lé e, ó ń fi òòlù lù ú. Irin náà ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òòlù ti lu orí rẹ̀ títí ó fi fẹ̀ bí olú, tí etí rẹ̀ ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Nǹkan kan ta á lójú ọ̀tún, kò ju bí ẹni pé kòkòrò ta á. Kò dùn ún púpọ̀. Ó fọwọ́ ra á, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ìgbà tó tẹ̀ ba láti wo bí pákó ti rí ló di ojú òsì, tó wá rí i pé èéfín ló wà níbi tí pákó yẹ kó wà.

"Eruku pákó ni," ni Ìyá Lateefat wí. Ó ti dìde. "Ìyàwó, gbé ọmọ sílẹ̀ ná, kí o wá fún bàbá rẹ lómi ọmú."

Ummusalamah jáde pẹ̀lú ọmọ lápá. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó wò ó dáadáa. Ẹyinjú ọ̀tún pọ́n díẹ̀. Ṣùgbọ́n dúdú inú rẹ̀, tó yẹ kó rí róbótó bíi ti òsì, ti fà sísàlẹ̀ ṣóńṣó, bí ẹ̀kán omi tó fẹ́ já bọ́. Ó mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe eruku. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà. Mi ò ní fún un sí Bàbá lójú."

"Kí ni mo gbọ́ yẹn?"

"Mo ní mi ò ní fún un, Mà."

"Ọmú ti gbẹ ni?"

"Kò gbẹ, Mà."

Ìyá Lateefat ká ìborùn rẹ̀ lé èjìká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó dáa. Láwàl alọta, o fún un. Ọmọ tí a ò mọ ilé bàbá rẹ̀ tí rọ́bà ta lójú, o fún un. Ẹni tó gbé ìdáná lọ sí Itamaga nítorí ẹ, òun ni o di ọmú mú fún."

"Jẹ́ kó sọ ìdí ẹ̀," ni Bàbá Lateefat wí. Ojú rẹ̀ ṣì wà lára òpó.

Ummusalamah sì sọ ọ́. Ó sọ ti Fẹ̀hìntọlá, bó ti funfun, ohun tí dókítà wí, àti ọjọ́ mẹ́ta. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n ó di ọmọ mú mọ́ra débi tí ọmọ fi gbójú sókè wò ó. Nígbà tó parí, Ìyá Lateefat padà jókòó.

"Fẹ̀hìntọlá wí bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Èmi ni mo pè é wọlé lọ́jọ́ yẹn. Ṣé èmi ni mo wá fọ́ ojú ọmọ ọlọ́mọ ni?"

"Àwa méjèèjì ni, Mà. A ò mọ̀."

Ó ṣòro fún obìnrin náà láti gbé e mì. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Gbọ́ mi, Ummusalamah," ló wí, kò sì pe orúkọ yìí mọ́ ọn rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó. "Ojú yẹn ni gbogbo wa ń jẹ. Bó bá bá ọ̀nà lọ, tí a ti kọ omi ọmú fún un, ilé yìí ò ní gbàgbé ẹni tó kọ̀ ọ́. Èmi náà ò ní lè gbà ọ́ sílẹ̀."

"Mo gbọ́, Mà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé ìwòsàn."

Bàbá Lateefat gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ wá bá mi wá bàtà mi," ló wí.

Ummusalamah gbé ọmọ lé ìyá ọkọ lọ́wọ́. Ó mú ife oníke kan, irú èyí tí wọ́n ń bu ohun mímu sí níbi ìkómọ, ó fi ọ̀bẹ gé e kó kù bí ìka méjì láti ìdí. Ó fi bo ojú náà, etí rẹ̀ jókòó sórí egungun òkè ojú àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò kan ẹyinjú rárá. Ó fi pílásítà tó ṣẹ́kù láti ìgbà ìwọ́ ọmọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Bàbá. Bó bá tilẹ̀ ń yún yín."

"Mo ti dà bí aáyán tí wọ́n dé ife mọ́," ni Bàbá Lateefat wí.

Lukman, aládùúgbò wọn, ló gbé wọn nínú mọ́tò rẹ̀. Ilé ìwòsàn ojú tí Ummusalamah mọ̀ wà ní Ìkòròdú, lẹ́yìn ibùdókọ̀ Agric, níbi tí wọ́n ti ṣe ojú ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n gba Ìtóìkín. Ummusalamah jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, ó ń fi ọwọ́ ti orí rẹ̀ lẹ́yìn níbi tí títì bá ti bàjẹ́. Ìyá Lateefat wà níwájú pẹ̀lú ọmọ, ó ń ka tẹ̀súbáà lábẹ́ ohùn. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Agric, kò yíjú padà lẹ́ẹ̀kan.

Toheeb, tí wọ́n ti pè lórí fóònù, ti dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì, ẹ̀wù agbéniléfòó aláwọ̀ ọsàn tí àwọn awakọ̀ ojú omi ń wọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rí ife lójú bàbá rẹ̀, ó fẹ́ sọ nǹkan, ìyàwó rẹ̀ mirí sí i.

Dókítà Adéòjó jẹ́ obìnrin kúkurú kan tí kì í kánjú. Ó tú pílásítà, ó gbé ife náà sókè, ó wò ó bí ẹni tó rí nǹkan iyebíye. Ó tan iná sí ojú ọ̀hún, ó yà á láwòrán. Lẹ́yìn náà ló yí àga rẹ̀ sí wọn.

"Kí lẹ fi sí i?"

Ìyá Lateefat wo ilẹ̀.

"A ò fi nǹkan kan sí i," ni Bàbá Lateefat wí.

"Kò sí epo? Kò sí ìtọ̀? Kò sí omi ọmú? Ẹ sọ òótọ́ fún mi, Bàbá, mi ò ní bú yín."

"Wọ́n kọ̀ ọ́ fún mi," ni ọkùnrin náà wí. "Ìyàwó ọmọ mi yìí. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó kọ̀ ọ́."

Dókítà yíjú sí Ummusalamah. "Ta ló kọ́ ẹ ní ife yìí?"

"Obìnrin kan tó ń ṣe ẹja ní Ẹ̀pẹ́, Mà."

"Bá mi kí i." Ó wá sọ fún wọn pé èérún irin ló wọlé, ó gba iwájú ẹyinjú, ó sì ti dúró sínú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn máa yọ ọ́. Òun ò lè ṣèlérí pé yóò rí bó ti rí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà wà níbẹ̀, kò tíì bàjẹ́, wọ́n sì ti gbé e wá nígbà tó yẹ. "Ẹ wo àwọn tó jókòó níta yẹn," ló ní. "Ọ̀kan fi ọ̀bẹ ṣí ìgò. Ọ̀kan ń jó irin láìbo ojú. Ọ̀kan, bátìrì mọ́tò ló bú gbàmù mọ́ ọn. Lójoojúmọ́ ni. Bí mẹ́wàá bá wá, awò ojú tí wọ́n ń tà lójú títì ì bá ti gba bíi mẹ́sàn-án là. Bàbá, kí lẹ máa ń fi bojú bí ẹ bá ń lu irin?"

"Mo máa ń di ọ̀kan," ni Bàbá Lateefat wí. "Èyí tí mo dì ni kò ṣe nǹkan kan."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ìyá Lateefat náà rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀, ó sì fi etí ìborùn nu ojú.

Wọ́n yọ irin náà lọ́jọ́ kejì. Kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Wọ́n fún wọn nínú ìgò kékeré kan, Bàbá Lateefat sì ń gbọ̀n ọ́n, ó ń gbọ́ bó ti ń dún. "Ìwọ yìí," ló ń wí fún un, "ìwọ yìí náà."

Oṣù àkọ́kọ́ kò rọrùn. Oògùn ojú ní ìgbà mẹ́rin lóòjọ́, kò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan wúwo, ọkọ̀ Tìrìmísíyù sì dúró láìpé létí ọ̀sà bí ẹran tí wọ́n jẹ ìhà rẹ̀ kan. Ará àdúgbò wá kí i, àwọn kan sì ń béèrè pẹ̀lú ẹnu mímú pé ṣé kò sí ìyá ọmọ nínú ilé ni. Ìyá Lateefat kì í dá wọn lóhùn. Ummusalamah ló ń fi oògùn sí i fún bàbá ọkọ rẹ̀. Á fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kó tó débẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń na ìka sókè níwájú ojú náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ èéfín ni ọkùnrin náà ń rí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó ní, "Mẹ́ta." Mẹ́ta ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Ìyá Lateefat wọ aṣọ, ó di ẹja yíyan sínú ọ̀rá, ó ní kí Ummusalamah gbé ọmọ pọ̀n kí ó tẹ̀lé òun. Wọ́n rìn dé ọjà ẹja. Fẹ̀hìntọlá jókòó sídìí pákó rẹ̀, awò gbòòrò lójú rẹ̀, ìpẹ́ ẹja ń ta lu awò náà, ó ń já bọ́ bí òjò. Ìyá Lateefat kúnlẹ̀ sínú omi ẹja níwájú obìnrin tó lè bí lọ́mọ.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe yìí? Ẹ dìde. Ẹ̀ ń ba aṣọ yín jẹ́."

"Èmi ni mo pè ọ́ wọlé."

"Mo mọ̀. Inú rere lẹ fi pè mí." Fẹ̀hìntọlá ti bọ́ awò rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tó kún fún ìpẹ́ gbé e dìde. "Ojú Bàbá ńkọ́?"

"Ó ka ìka mẹ́ta láàárọ̀ yìí."

"Alhamdulillahi. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n ṣe ẹja yìí tán fún aláìnísùúrù tó ni ín."

Ó di oṣù kẹta kí Bàbá Lateefat tó padà sí etí ọ̀sà. Ó kọ́kọ́ jókòó fi òkúta lọ orí irin ìgéṣó rẹ̀ títí gbogbo etí tó fẹ̀ bí olú fi kúrò. Lẹ́yìn náà ló gbé awò tí Toheeb rà fún un wọ̀. Tìrìmísíyù bi í pé ṣé ó fẹ́ wẹdò lọ sí Èkó ni. Bàbá Lateefat tẹ̀ ba síbi ìdí ọkọ̀, ó di ojú òsì. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣe, ó nawọ́. "Ibẹ̀ yẹn," ló wí, "tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀." Wọ́n mú okùn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń lo okùn, kò sì bínú sí i.

Bí a ti ń wí yìí, àwọn tó ń tọrọ omi ọmú ò tíì dẹ́kun wíwá. Àṣà kì í tán lẹ́nu ọ̀nà kan lójú ẹsẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ummusalamah wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ nígbà tó gbọ́ ohùn obìnrin kan níta, ó ń sáré sọ̀rọ̀: àwọn ń se ọṣẹ dúdú lọ́wọ́, omi eérú rẹ̀ ló ta sí òun lójú, wọ́n ní ìyá ọmọ wà nílé yìí. Ó fẹ́ dìde. Ó gbọ́ ohùn bàbá ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

"Ọmú ti ní ẹni tó ni ín," ni ọkùnrin náà wí. "Jókòó síbí. Gbórí sẹ́yìn. Má fọwọ́ ra á."

"Bàbá, omi ọmú díẹ̀ ni mo—"

"Mo gbọ́ ọ. Ìyá Lateefat, kẹ́ẹ̀gì."

Ummusalamah gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń wọ́ bàtà kọjá ní ẹnu yàrá, ó gbọ́ bí kẹ́ẹ̀gì ti kan ilẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ó ń dà, ó ń dà, obìnrin náà ní ó tó báyìí, Ìyá Lateefat ní kò tíì tó, ó ní kẹ́ẹ̀gì kejì ṣì wà lẹ́yìn, bí ó bá sì tán Lukman á gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ́táyọ̀ yí orí kúrò lára ọmú díẹ̀ láti gbọ́ ariwo omi náà, kò rí nǹkan tó kàn án níbẹ̀, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ìyá rẹ̀ gbé e sílẹ̀.